Ọ̀dà Lójú Táǹkì

Baba Ọlọ́dà kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá wí. Ó ti ń kun ọkọ̀ ogun ní ọgbà iṣẹ́ wa kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, ó sì máa ń sọ ọ́ sí mi létí bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Nígbà tó gbọ́ pé táǹkì tí ọmọ òun yóò wà lọ sójú ogun ló kàn, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dán gbinrin.

Ojú táǹkì ni iṣẹ́ tèmi. Pátákó pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, rédà wà nínú wọn. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń bọ̀, àwọn ló máa rí i, àpótí ẹ̀gbẹ́ wọn yóò sì yin ọta wẹ́wẹ́ lù ú lófuurufú kó tó kan irin. Bí wọn ò bá rí i, ó parí.

Àyẹ̀wò wa ò le: a ó tẹ bọ́tìnnì, iná aláwọ̀ ewé yóò tàn, n ó fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, awakọ̀, ọmọ Baba, dúró tì mí.

"Àǹtí, ṣé ó máa ríran lóòótọ́? Ẹ jẹ́ n fojú ara mi rí i."

"Ìwọ aláìgbàgbọ́ yìí!" Mo mú ẹ̀rọ kékeré tó máa ń díbọ́n bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, eruku ti bò ó. Mo rìn jìnnà, mo tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí táǹkì ké bó bá rí i, kò ké. Mo bọ́ sọ́tùn-ún, mo bọ́ sósì, kò mira. Iná aláwọ̀ ewé ṣì ń tàn.

Mo fi èékánná ha pátákó kan: ọ̀dà tuntun, èyí tó ní ìyẹ̀fun irin nínú, rédà kì í sì í ríran gba inú irin kọjá. Wáyà ni iná yẹn ń yẹ̀ wò, kì í yẹ ojú wò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ìwà ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni yóò so agogo mọ́ ológbò lọ́rùn? Èmi náà ni.

"Baba, ẹ má bínú. Ẹ ò fi bébà bo pátákó kẹ́ ẹ tó kùn ún. Ọ̀dà yín ti dí i lójú."

"Ọ̀dà mi kẹ̀? Pátákó tó rí bí àpá lára ọkọ̀ ọmọ mi, kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ ń wo ilẹ̀. Ohùn Baba wálẹ̀. "Ẹ bá mi wá abẹ."

Wákàtí mẹ́ta ló fi ha á, kò jẹ́ ká ran òun lọ́wọ́. Mo tún ẹ̀rọ tẹ̀, táǹkì ké níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Baba, ẹ fẹ́ fi ẹwà pa mí ni!" ni ọmọ wí.

"Àṣejù ni baba àṣetẹ́," ni Baba dáhùn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀.

Baba yíjú sí mi. "Ọmọ yìí, táǹkì tó jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Mi ò fi bébà bo tiẹ̀ náà."

Ọ̀dà kan náà ni. Èmi náà ni mo sì fọwọ́ síwèé rẹ̀. Mo gbé fóònù, mo pe ọ̀gágun tó wá gbé e. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá táǹkì yẹn padà. Kò ríran. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó ní táǹkì náà ti wà lójú ogun láti àárọ̀, òun ó wá àwọn tó wà nínú rẹ̀ lórí rédíò, kí n dúró.

Baba jókòó sórí agolo ọ̀dà. "Ta ló ń wà á?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Baba."

"Òun náà ní baba tirẹ̀," ló wí, ó sì ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.