Gìtá Dúrójayé Tí Kò Nílò Iná

"Lọ́jọ́ tí mo fi gìtá dá òkun Lẹ́kkí dúró, ẹja ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi," Dúrójayé wí, ó sì rọra jókòó.

"Ọwọ́ wo ni ẹja fi pàtẹ́wọ́?" Àyúbà tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná bi í.

"Lẹbẹ ni wọ́n fi pa á. Ìwọ ò sí ńbẹ̀."

Ilé ọtí Màdáámù Fúnláyọ̀ l'Ajah ni wọ́n wà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1996. Oòrùn mú débi pé àwọn aláǹgbá ń tọrọ bàtà. Ẹbí Màdáámù ló nilẹ̀ láti ibẹ̀ dé etí omi. Nígbà tí wọ́n ta díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìpín tirẹ̀ kọ́ ilé ọtí, ó wá ń wá ẹni tí yóò máa ta gìtá fún àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà ni yóò máa gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé.

Yàrá yẹn ni Dúrójayé ń wá. Láti ìgbà tí onílé ti lé e jáde, orí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ń sùn, tí àwọn tó ń ṣe àìsùn sì ń fi agogo jí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé òjìji rẹ̀ pàápàá máa ń fara ti ògiri.

"Ta ló kọ́ yín ní irú orin yín yìí, Bùọ̀dá Dúró?" Màdáámù bi í.

Eléyìí kò nílò irọ́. "Àwọn atukọ̀ òyìnbó máa ń gbé àwo wá sí Àpápá. Mo ń fọ aṣọ fún wọn kí wọ́n lè jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Rọ́ọ̀kì ni, ó ń han bí ayùn tó ń gé páànù. Mo fi orin ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi sí i, mo fi ìró òkun sí i. Wọ́n ní kì í ṣe jùjú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń ta gìtá kí èèyàn lè jó. Èmi ń ta tèmi kí ẹni tí inú ń bí lè ríbi jókòó."

Ohun tí kò sọ ni pé làkúrègbé ti ká ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Nítorí náà ló ṣe tú ìfun sípíkà rẹ̀ dànù, tó fi tépù kékeré oníbátìrì pamọ́ síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ta gìtá sí i nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ó ki wáyà bọ ojú iná níṣojú gbogbo wọn, ó rọra tẹ tépù láti ẹ̀yìn, ó dijú.

Gìtá bú. Ìgò ń jó lórí tábìlì. Adìẹ aládùúgbò kan yé ẹyin tí kò ní lọ́kàn. Dúrójayé ń mi orí, ọwọ́ rẹ̀ ń fò lókè okùn gìtá láì kàn án, ó ń gbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ríra. Kò gbọ́ nígbà tí fáànù dákẹ́. Kò gbọ́ nígbà tí fíríjì kérora, tó sì kú.

Iná ti lọ. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Gìtá ń ké lọ.

"Bùọ̀dá Dúró," Màdáámù wí, "kò síná o."

Ó lajú, ó wo fáànù. Ó rẹ̀ ẹ́ láti tún pa irọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. "Gìtá mi kì í lo iná ìjọba. Òkun ló ń fún un lágbára."

"Ẹ jẹ́ ká wo òkun náà," Àyúbà wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn sípíkà, ó fa tépù jáde. Ó ń han lọ́wọ́ rẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n ki mọ́lẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Màdáámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ta gìtá inú rẹ̀ yìí? Ẹni yẹn mọ̀ ọ́n ta. Ẹ bá mi pè é."

"Èmi ni."

Ẹ̀rín tún bú. Wọ́n ti gba ti ẹja tó pàtẹ́wọ́. Eléyìí ni wọn kò gbà.

"Ó dáa, ẹ ta díẹ̀ ká gbọ́." Màdáámù gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá sórí tábìlì. "Ẹ bá ti ta á, tiyín nìyí."

Dúrójayé wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́. Ó gbé ìka òsì lé okùn. Ọ̀kan lọ, àwọn yòókù kọ̀. Ohun tó jáde kò ju ohùn ẹ̀fọn lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́yìnkùlé díẹ̀," ó wí, ó gbé gìtá há abíyá.

"Bàbá Rọ́ọ̀kì," Àyúbà pè é, "títì lẹ kọjú sí yẹn o."

Ìgbà náà ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàtà rẹ̀ kan kù sínú iyanrìn, kò padà mú un. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń ta gìtá lọ, ìka rẹ̀ ń sáré ju ẹsẹ̀ tó ń sá lọ.