Ife Kẹjọ

3.

…nítorí náà ni mo ṣe fi ìda bo ẹnu agolo ìṣáná. Omi kì í wọ inú ìda. Èmi Abọ́dúnrìn tí ń tún àtùpà ṣe, mo rì í sínú korobá títí ilẹ̀ fi mọ́ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

4. ÌKÉDE TÍ WỌ́N LẸ̀ MỌ́ ÒGIRI WA NÍ Ọ̀JỌ́, 1955

Kí gbogbo ilé etí ọ̀sà ní àpótí kan fún ọjọ́ ìkún-omi. Ohun tí ènìyàn sábà máa ń gbàgbé nìyí:

Omi mímu.
Ohun tí a fi ń ṣí agolo.
Òwú àtùpà.
Awò ojú àwọn àgbà.
Oògùn ibà.
Okùn.
Ife ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Orúkọ gbogbo ará ilé, àti iye wọn.

5.

Mo rí gbogbo rẹ̀ kó sínú àpótí páànù. Ó ku èyí tó kẹ́yìn.

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ (ìyàwó onílé wa, ọkọ rẹ̀ wà ní Àgbádárìgì): Iye ta ni?

ÈMI: Ti gbogbo wa. Ẹ̀yin, àwọn ọmọ…

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ: Òwú àtùpà ni kí ẹ máa kà, Bọ̀dá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

ÌYÁ ÀGBÀ (ìyá ọkọ rẹ̀): Àbí ó fẹ́ tà wọ́n ni?

(Ẹ̀rín.)

6.

Mo dá ọgbọ́n kan. Mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ife tirẹ̀ sínú àpótí. Mo kọ̀yìn sí wọn.

N kò ka ẹnikẹ́ni. Ife ni yóò bá mi kà á.

7.

Omi dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Ó gun àtẹ̀gùn, ó wọ yàrá. Kò pariwo.

Bí ẹnìkan bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, mo ta ojóbó okùn sí i ní ìbàdí. Kókó tèmi kì í tú fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ń tú u.

A forí lé ìlú Ìbà, níbi tí ilẹ̀ ga sí.

8.

Ní ilé ẹ̀kọ́ Ìbà, mo tú ojóbó méje, tèmi pẹ̀lú.

Ìkẹjọ ṣì wà lórí okùn. Kókó rẹ̀ kò tú. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

N kò rántí pé mo ta á. Ṣùgbọ́n kókó tèmi ni.

Ó kéré.

9.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ife rẹ̀. Ó ku ọ̀kan: tánganran funfun, etí rẹ̀ aláwọ̀ aró. Ojú eyín ọmọdé wà létí ẹnu rẹ̀.

10. OHUN TÍ A SỌ NÍWÁJÚ OWÓLABÍ, WOLÉ-WOLÉ

OWÓLABÍ: Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún mi. Bí ẹnìkan bá sọnù, ẹ sọ báyìí kó lọ wá a. Bí kò bá sí, mo ń rán an sí ibòmíràn.

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ: Ọmọ mi pé.

OWÓLABÍ: Mélòó?

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ: Wọ́n pé, sà.

OWÓLABÍ: Ó dáa, ẹ dárúkọ wọn.

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ: Ọmọ́yẹlé. Jímọ̀. Fúnkẹ́. Àtàndá.

(Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.)

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ: Ó tán.

OWÓLABÍ: Ìyá Àgbà, gbogbo yín ti jẹun. Ta ni ẹ bu gààrí yẹn sílẹ̀ fún?

ÌYÁ ÀGBÀ: N kò mọ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló bù ú.

OWÓLABÍ: Alátùpà, ìwọ lo di àpótí. Ènìyàn mélòó?

11.

Mo wo ojú ìyá wọn. Mo ní, “Méje.”

12. ÌWÉ Ẹ̀RÍ

Mo gba ife tánganran kan lọ́wọ́ Abọ́dúnrìn. Kò ní olóhun. Mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní Ìbà. Kò sí ẹni tó sọnù. — Owólabí.

13.

Òjò tún ti dé. 1956.

Mo kọ̀yìn sí wọn bí ti èṣí. Wọ́n ń ju ife. Páànù ń dún.

Mo yíjú padà.

Etí aláwọ̀ aró ló wà lókè pátápátá. Omi ń kán lára rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò.

Omi ọ̀sà ni.

14.

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ: Bọ̀dá.

ÈMI: Mà.

ÌYÁ ỌMỌ́YẸLÉ: Ẹ mú gègé yín. Ẹ bá mi ka àwọn ọmọ mi.

15. ÌWÉ INÚ ÀPÓTÍ

1. Ìyá Àgbà
2. Ìyá Ọmọ́yẹlé
3. Ọmọ́yẹlé
4. Jímọ̀
5. Fúnkẹ́
6. Àtàndá
7. Èmi, Abọ́dúnrìn
8.