Ohùn Ọmọ Wa Nínú Ẹ̀rọ Ìkàwé

Ní ilé ìwé ọmọ wa, ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń kàwé. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, ẹ̀rọ á ní kó tún un kà. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì ń gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń ran ọmọ lọ́wọ́ lóòótọ́. Èmi àti ọkọ mi la jọ fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ibà dé, tí ọmọ náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ọkọ mi pe obìnrin kan nínú àwọn olùwádìí náà lórí fóònù.

"Ẹ pa ohùn ọmọ mi rẹ́! Ọmọ mi kì í ṣe ohun ìdánwò!"

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó wí fún mi. Fọ́tò ọmọ náà pọ̀ lọ́wọ́ wa, àmọ́ a ò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo bá a níbi tó ti ń wá bàtà.

"Ibo nìyẹn, Dádì?"

"Ibi tí ìwọ náà ń lọ. Ẹnu mi ló yá ju ọkàn mi lọ."

Ọ́fíìsì kékeré ni àwọn olùwádìí náà ń lò, wáyà ta kókó sílẹ̀. Bí obìnrin olùwádìí náà ti rí wa ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ṣé ẹ ti pa á rẹ́?"

"Rárá, mà. A ti yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ wa, a sì ti tì í pa, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà fún wa. Mi ò lè pa á rẹ́ láìbi ẹ̀yin náà léèrè, ojú sì ń tì mí láti wá yọ yín lẹ́nu nínú ọ̀fọ̀."

Ọkọ mi sorí kọ́. "Mo bú yín."

"Ẹ bú mi dáadáa, sà. Ẹ tiẹ̀ fi bàbá mi kún un."

Ó tan ẹ̀rọ. Ohùn ọmọ wa jáde, ó ń kàwé. Ẹ̀rọ ní, "Jọ̀ọ́, tún un kà."

"Ṣé etí ẹ di ni? Mo ti kà á!" lọmọ wa wí.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín. "Ẹnu ẹ rèé, ìyá ẹ̀!" ló wí fún mi.

Olùwádìí bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí a fẹ́. A ní kó fi ohùn náà fún wa, kó sì pa tiwọn rẹ́. Mo mí kanlẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, ọkọ mi ní ebi ń pa òun, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti lọ.