Ọ̀gá Kì í Dìde

Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kan ní Ata ní kíláàsì ìmọ̀ òwò. Yunifásítì de awò ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi ayé àfarawé hàn mọ́ ọn lójú, ó bá ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì àfarawé, kó lè kọ́ bí ọ̀gá ṣe ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá arúgbó kan, òṣìṣẹ́ tó yẹ kó lé, wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí àga míì ju ti Ata lọ. Ó bá dìde fún un. Ẹ̀rọ fún un ní òdo, pé ọ̀gá kì í dìde.

Ata bọ́ awò náà kúrò lójú, ó sì já wọ ọ́fíìsì olùkọ́.

“Sà, ibo lẹ fẹ́ kí bàbá yẹn jókòó sí?”

“A gbàgbé àga ni.” Olùkọ́ ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ata wo yàrá yí ká. Àga kan péré ló wà níbẹ̀, olùkọ́ ló sì jókòó lé e.