Orúkọ Tí Kò Sí Lára Ìwé Orin Bàbá

A kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò ìwé orin Bàbá nìyẹn. A kò mọ ẹni tó kọ ọ́! Àwọn wo ni "a"? Èmi mọ̀ ọ́n. Gbogbo Ekenwan Road ìgbà náà mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an mọ ohùn rẹ̀…

Ẹ̀gúsí yìí kò tiẹ̀ bó dáadáa. Mò ń fọ́ ọ mọ́ èèpo. Ìbínú ni, kì í ṣe ogbó.

Ìrètíolúwa, ọmọ ọmọ mi, ló gbé fóònù wá. "Grandma, see your oyinbo for here." Òyìnbó tèmi? Mi ò ní òyìnbó kankan. Dókítà Haselbrink ni, ará Jámánì, tó kàwé nípa orin, tó ń ṣa ìwé orin jọ bí ẹni ń ṣa èkùrọ́. Òyìnbó Oníwèé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti kú. Wọ́n ti kó ìwé rẹ̀ sí ilé ìkàwé ńlá kan nílùú wọn, wọ́n wá kọ ìtàn ayé rẹ̀ síwájú wọn. Ó gùn! Ọdún tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ tó ń tẹ dùùrù. Bọ́ǹbù tó jó ilé wọn nígbà ogun, tó jó gbogbo ìwé orin bàbá rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ni, ló bá búra pé ìwé orin tí ojú òun bá tún rí, iná ò ní jó o mọ́. Wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ajá rẹ̀. Ajá! Ajá ní orúkọ níbẹ̀, bàbá ọkọ mi kò ní.

Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí níbi bọ́ǹbù yẹn… rárá. Kò gbọdọ̀ ṣe mí.

Nítorí mo rí fọ́tò ìwé orin bàbá ọkọ mi. Èèpo ẹ̀yìn dúdú. Àbàwọ́n epo lójú ewé kẹrìnlá — èmi ni mo ta á sí i, ọdún tí mo wọlé ọkọ. Ọgọ́fà orin tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, do-re-mi lókè, ọ̀rọ̀ Yorùbá nísàlẹ̀, fún àwa tí iṣẹ́ gbé wá sí Bìní tí a kò gbọ́ Ẹ̀dó tí wọ́n fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti pósítọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ dé, kò ní jẹun, ó ti jókòó ti ìwé.

Ikán jẹ ewé àkọ́kọ́, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ó dáa. Ṣé ikán jẹ ẹnu òyìnbó náà ni? Ó jẹ iyán mi. Ó ní ata ń pa òun, ó tún bu òmíràn. Wọn a jẹ ẹ́ tán, wọn a gbàgbé ẹni tó gún un.

Nínú ilé tèmi! Èmi tí mo mọ ìran. Ta ló bí ta, ta ló kọ́kọ́ ti Ọ̀wọ̀ dé Bìní pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo — èmi ni wọ́n ń wá bá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Yétúndé, ọmọ ẹbí wa, fún ọmọ ilé Títíloyè, èmi ni mo ní kí wọ́n dúró, ìbátan ni wọ́n. Èmi náà ni ẹnìkan máa kọ "a kò mọ̀" fún?

"Grandma, e still remain small for bottom." Kí ló tún kù? Ó kà á. Haselbrink fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ láyé ìgbà yẹn: ìyàwó ilé náà ló gbé ìwé fún mi. Mo béèrè orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sọ.

Irọ́! Mo pariwo débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Irọ́ ni —

Ó béèrè. Ó béèrè, òótọ́ ni. Bàbá ti lọ kọ́ àwọn akọrin ní Ekiadolor. Ó ti sọ fún mi láàárọ̀: "Ìyàwó, òyìnbó ń bọ̀ wá gba ìwé, ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀la ló ń lọ. Júwe mi fún un dáadáa o." Ó dé, ó yọ bírò. Kí ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́? Mo ní, bàbá wa ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní, bàbá wa ni, sà. Ó tún béèrè. Mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo wo ilẹ̀. Ṣé ìyàwó tí kò tíì lo ọdún kan nílé ló máa la ẹnu pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo bá nílé, Akọ̀wé ni mo sọ ọ́. Ó ti di bàbá ńlá ní GRA báyìí, Akọ̀wé náà ni mò ń pè é. Wọ́n kọ́ mi nílé. Ilé-ìwé girama tí mo lọ kò gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ilé-ìwé girama… Bírò wà lọ́wọ́ òyìnbó. Mo mọ̀ ọ́n kọ. Ẹnu ni wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi pè é, wọn ò sọ ti ọwọ́. Kí ló dé tí mi ò gba bírò yẹn?

Ìrọ̀lẹ́, Bàbá dé. "Ìyàwó, ṣé o júwe mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ọdún mọ́kànlá ló fi retí ìwé náà. Wọ́n ní bí wọ́n bá da àpò lẹ́tà sílẹ̀ níbi iṣẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ máa wá sítáǹbù Jámánì. Nígbà tó kú, mo dúró ti òkú rẹ̀, mo bú òyìnbó. Olè, mo ní. Gbogbo ilé bá mi bú u.

Kí n tó lé Ìrètíolúwa jáde, ó bi mí: "So wetin be great-grandpa him name sef?" Kò mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń to ìran lé e létí, a ó dé ibẹ̀, màá ní Bàbá Àgbà, a ó kọjá lọ. Bàbá Àgbà, Bàbá Àgbà…

Ta ni "a"?

Èmi ni.

Ẹ̀gúsí ṣì kún àtẹ. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lóde sínú fóònù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, mo sì ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ jalè.

Jayéọlá.

Ilẹ̀ kò lanu. Orúnkún mi ti wà nílẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gúsí, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Ẹ má bínú, sà. Jayéọlá ni.