Ẹ Bo Ilẹ̀ Kí Òórùn Má Lọ

Ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí igi kò tíì pàdé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan rí kí wọ́n má dọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Gbohùngbohùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, nítorí iṣẹ́ kò tíì sú ẹnì kankan nínú wọn.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dókítà Igi ló ṣe iṣẹ́ tí Gbohùngbohùn fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀, ẹbí olú ni, àmọ́ kì í yọjú síta bí olú tí à ń rí. Gbòǹgbò igi ló ń jẹ, títí igi yóò fi gbẹ lóòró. Òun ló pa ọsàn tí ìyá Dókítà Igi gbìn sínú oko ọkọ rẹ̀ kí ìyá náà tó kú. Kí ọsàn náà tó gbẹ tán, ọmọbìnrin yìí gé ẹ̀ka lára rẹ̀, ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọmọ igi ọsàn mìíràn títí àwọn méjèèjì fi di igi kan. Wọ́n wà nínú ike lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àràárọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń pè é lórí fóònù láti béèrè wọn bí ẹni ń béèrè ọmọ-ọmọ, nítorí kò sí ohun mìíràn tó kù nínú ọsàn ìyàwó rẹ̀. Tí wọ́n bá wọ ilẹ̀ alárùn pẹ́nrẹ́n, ó parí.

Ewé mọ́sítáàdì, ẹ̀fọ́ kan tó máa ń ta lẹ́nu, ni oògùn tí Dókítà Igi rí. Tí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tútù, òórùn kan á jáde tó ń ta ni lójú, òun ló sì ń pa àrùn náà. Àmọ́ òórùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ilẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbin nǹkan. Ẹni tó bá lè dé ìkòkò lè ṣe é.

Oko bàbá Dókítà Igi ni Gbohùngbohùn mú láti fi oògùn náà han ayé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gé ewé, wọ́n rò ó mọ́ ilẹ̀, òórùn sọ, gbogbo òṣìṣẹ́ ń nu ojú. Bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀rá ni Gbohùngbohùn kígbe.

"Ẹ dúró! Ta ló fẹ́ wá wo ọ̀rá? Ẹ jẹ́ kí àlejò wa gbóòórùn ìmọ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Dókítà Igi wí, "òórùn yẹn gan-an ni oògùn. Tó bá lọ, ewé lásán ló kù."

"Dókítà, ìwádìí lo mọ̀. Fi ọ̀rọ̀ àlejò sílẹ̀ fún mi."

Àlejò pàtàkì dé nígbà tó wù ú. Gbohùngbohùn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò lè wá, ó wá kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́. Nígbà tí àlejò ráyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbóòórùn, ó ní, "Ó jọ òórùn ilẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Gbohùngbohùn ní kí wọ́n má wulẹ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ kankan mọ́, kí Bàbá gbin ọ̀kan nínú ọmọ ọsàn ìyàwó rẹ̀ báyìí, níwájú kámẹ́rà. Omi lé ròrò lójú Bàbá.

"Ọmọ mi, lọ mú ọ̀kan wá. Inú ìyá rẹ á dùn."

Tí Dókítà Igi bá kọ̀, ó dójú ti bàbá rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá sì gbà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa igi ìyá rẹ̀. Ó wakọ̀ lọ sílé, inú ń bí i débi pé ó ń dá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ilé, ọmọ ọsàn kan wà tó hù fúnra rẹ̀ lórí àkìtàn. Òun ló hú sínú ike tó sì gbé wá. Bàbá kúnlẹ̀ gbìn ín, omijé ò jẹ́ kó rí ewé rẹ̀ dáadáa.

Kò pẹ́ tó fi gbẹ. Gbohùngbohùn bọ́ sórí rédíò, ó ní oògùn ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn àgbà àgbẹ̀ wa ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bomi rin igi. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò pe ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ mọ́.

Dókítà Igi lọ bá a nílé. Bàbá jókòó, kò gbójú sókè.

"Mo pa á. Igi ìyá rẹ, ọwọ́ mi ló kú sí."

Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ọmọ àkìtàn lẹ gbìn. Ti Màmá wà nílé, gbogbo wọn pé."

Bàbá gbójú sókè. "O wá jẹ́ kí n sunkún lé ọsàn àkìtàn lórí, níwájú kámẹ́rà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, ó béèrè, "Ewé yẹn ṣì kù?"

"Ó kù sà."

"Ta ló ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ó dáa. Kọ́kọ́ mú ọ̀rá wá."

Àwọn méjèèjì nìkan ló wà lóko. Wọ́n ro ewé mọ́ ilẹ̀, kí òórùn sì tó ráyè sọ, ọ̀rá ti bo ilẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ ká a sókè, Bàbá bá jókòó lé etí ọ̀rá náà, ojú rẹ̀ ń ṣomi.

"Ó ń ta mí lójú gan-an o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ má dìde."