Ẹní Ìyàwó Nínú Adágún

Bí wọ́n bá ti ṣí ìsédò kí ẹ̀rọ iná lè yí, adágún wa á fà sẹ́yìn. Àkókò tí ẹja ń yé sórí koríko etí omi sì ni. Omi á lọ, ẹyin á gbẹ sórí ilẹ̀, ẹyẹ á ṣà á jẹ. Ọdọọdún ni àwọ̀n àwọn apẹja ń fúyẹ́ sí i.

Tuda ẹ̀gbọ́n mi ò ro ti ẹja lọ́jọ́ tó ki ẹní rẹ̀ bọmi. Ìyàwó tó bá gun ìbaaka lọ ilé ọkọ láìsí ẹní tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun lábẹ́ ìdí, wọ́n á sọ ọ́ títí. Irun àgùntàn la fi ń hun ún, tuntun rẹ̀ sì máa ń le, omi ní í mú un rọ̀. Kí ẹrẹ̀ pupa etí omi má bàa yí i, Tuda so tiẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó jẹ́ kó léfòó láàárín adágún.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, èmi àtiẹ̀ wa ọkọ̀ lọ fà á. Ó figbe ta. Zayd, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ń dẹ àwọ̀n nítòsí, sáré tukọ̀ dé.

"Ta ló da ìlẹ̀kẹ̀ sí ẹní mi?"

Zayd tẹjú mọ́ ọn. "Ẹyin ẹja ni! Wò ó, wọ́n ti lójú! Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹní ń bá a lọ, kò gbẹ. Jọ̀ọ́, Tuda, má fà á."

"Kí n wá jókòó lé kí ni lọ́la? Orí ẹ?"

"Orí mi ti le jù, ìdí á dùn ẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Tuda, àmọ́ omi ti lé sójú ẹ̀. "Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé o mọ ẹnu Màmá Hadda?"

Tuda di okùn mú pẹ́, kó tó tú u sílẹ̀. "Kí ẹyin náà pa ná. Èmi náà ni n ó sọ fún Màmá."

Màmá Hadda gbọ́ ọ tán, ó wé gèlè rẹ̀ le, ó ní ká gbé òun dé ibẹ̀, òun tí kì í wọ ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹní náà títí.

"Háà! Ohun tí mò ń retí lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, ẹní ti ṣáájú yín bí i!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ọkọ̀ fẹ́ dojú dé. "Tuda, ẹní tèmi ni wàá jókòó lé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kó wá sọ ọ́ fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, tòun ti làálì lọ́wọ́, Tuda gun ìbaaka gba etí omi kọjá. Ọkọ ìyàwó ò sí níbi tó yẹ kó wà. Aṣọ funfun rẹ̀ la kọ́kọ́ rí nínú ọkọ̀, láàárín adágún.

"Ẹyin ti pa?" Tuda ké lórí ìbaaka.

"Wọ́n ti pa! Wọ́n pọ̀ bí eéṣú!"

Màmá Hadda ló kọ́kọ́ hó ìhó ayọ̀, gbogbo obìnrin bá gbà á.